Èmi Ò Ní Fọwọ́ Sí Lẹ́tà Yẹn

 Mo mọ̀ pé ewì lẹ máa ń rí gbà lọ́wọ́ mi nínú ìwé ẹgbẹ́ wa yìí. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ jẹ́ kí ewì sinmi lọ́tẹ̀ yìí. Ọ̀rọ̀ kan há mi lọ́fun, kò ṣe é kọ lórin, bẹ́ẹ̀ ni kò ṣe é gbé mì. Àfi kí n sọ ọ́ bó ṣe rí.

Ní ọjọ́ Ìṣẹ́gun tó kọjá, bí a ṣe jáde ní kíláàsì Faransé ti ọdún kejì, gómìnà kíláàsì wa gbé bébà kan dé. Lẹ́tà ni, HOD ni wọ́n kọ ọ́ sí. Orúkọ 57 ti wà lábẹ́ rẹ̀ kó tó kàn mí, nínú àwa 84 tó forúkọ sílẹ̀ fún kọ́ọ̀sì náà. Ẹ̀bẹ̀ mẹ́ta ló wà nínú rẹ̀. Èkíní, kí Màdámù tó ń kọ́ wa jáwọ́ nínú tẹ́ẹ̀sì ọ̀sọ̀ọ̀sẹ̀, kí wọ́n ṣe ẹyọ kan ṣoṣo láàárín sáà. Èkejì, kí wọ́n fún wa ní handout kan tó kó gbogbo iṣẹ́ pọ̀, kí wọ́n sì sọ AOC fún wa, ìyẹn ibi tí ìbéèrè ìdánwò máa ti jáde. Ẹ̀kẹta, kí wọ́n yọ máàkì 30 tí wọ́n fi sí ọ̀rọ̀ sísọ kúrò, torí pé "ojú máa ń ti ọ̀pọ̀ akẹ́kọ̀ọ́".

Mo kà á tán, mo dá a padà fún un. Ó ní, "Akéwì, ṣé bíírò ni ò sí lọ́wọ́ ẹ ni?" Mo ní bíírò wà. Ó ní, "Kí ló wá dé?" Mo ní, "Mi ò ní fọwọ́ sí i ni." Gbogbo ẹ̀yin tẹ́ ẹ wà níbẹ̀ lẹ gbọ́ ariwo tó tẹ̀lé e. Láti ọjọ́ náà ni mo ti di efíkò, mo ti di ọmọ Màdámù, àwọn kan tiẹ̀ ní mo ń wá máàkì. Ẹnì kan wá bi mí ní họ́sítẹ́ẹ̀lì pé, "Ìwọ tó jẹ́ pé Yorùbá lò ń kà, kí ló kàn ẹ́ nínú ọ̀rọ̀ Faransé?" Ìbéèrè tó dáa ni. Ẹ jẹ́ kí n dáhùn ẹ̀ níbi tí gbogbo wa ti lè kà á.

Ẹ má rò pé ẹni tó mọ̀ ọ́n dunjú ló ń sọ̀rọ̀ o. Nínú tẹ́ẹ̀sì àkọ́kọ́, 4 nínú 20 ni mo gbà. Kì í sì í ṣe pé mi ò kàwé. Láti aago 11 alẹ́ di aago 4 ìdájí ni mo fi jókòó, tí mo ń há Dr Mrs Vandertramp sórí. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ṣe kọ́ọ̀sì yìí mọ ìyá náà dáadáa: lẹ́tà 16, tí ọ̀kọ̀ọ̀kan dúró fún ọ̀rọ̀-ìṣe kan tó máa ń bá être rìn dípò avoir. D fún devenir, R fún revenir, M fún monter, ó ń lọ bẹ́ẹ̀. Mo mọ̀ ọ́n bí ẹni mọ oríkì baba rẹ̀. Nígbà tó di àárọ̀, lẹ́yìn tẹ́ẹ̀sì, Màdámù nàka sí mi, wọ́n ní kí n sọ ibi tí mo lọ lánàá. Ọjà ni mo lọ. Aller wà nínú lẹ́tà 16 yẹn, òun ni A. Ṣùgbọ́n ẹnu mi ò rí "Je suis allé au marché" sọ. Mo ń sọ "je, je, je" bí ẹni tó ń tọrọ oúnjẹ. Ẹ̀yin náà rẹ́rìn-ín, mo gbọ́ yín.

Màdámù ò bú mi. Wọ́n kàn ní, "Demain." Lọ́la nìyẹn. Nígbà tá a tún pàdé, èmi ni wọ́n kọ́kọ́ nàka sí. Kíláàsì tó tẹ̀lé e, èmi náà ni. Ẹ̀ẹ̀kẹrin ni mo tó sọ ọ́ tán láìkọsẹ̀. Lónìí, bí ẹ bá jí mi lóru, màá sọ ibi tí mo lọ lánàá fún yín kí n tó la ojú. Ohun tí lẹ́tà yẹn ń pè ní ìnilára nìyẹn.

Ẹ jẹ́ ká sọ òótọ́ fún ara wa. Faransé kan wà tí ọmọ yunifásítì ní Nàìjíríà máa ń sọ láìgbọ̀n, títí kan ẹni tí kò wọ kíláàsì Faransé rí: la cram, la pour, la pass, la forget. À ń fi ṣẹ̀fẹ̀ ni, ṣùgbọ́n òun gan-an ni ọ̀nà tí à ń gbà kàwé. A há a sórí, a dà á sórí bébà, a yege, a gbàgbé. Ó lè rọ̀ wá lọ́rùn nínú kọ́ọ̀sì míì. Nínú èdè, kò lè ṣiṣẹ́. Èdè kì í ṣe ohun tí à ń mọ̀ nìkan, ohun tí à ń ṣe ni, bí ìlù lílù, bí odò wíwẹ̀. Ẹni tó bá há gbogbo àlàyé nípa gángan sórí, tí kò fi kọ̀ǹgọ́ kan awọ rí, ẹ má gbé ìlù fún un lóde ìyàwó.

Ó yá, ẹ jẹ́ ká mú ẹ̀bẹ̀ mẹ́tẹ̀ẹ̀ta lọ́kọ̀ọ̀kan.

Tẹ́ẹ̀sì ọ̀sọ̀ọ̀sẹ̀ ni àkọ́kọ́. Lẹ́tà náà ní ó pọ̀jù. Ìbéèrè 10 ni o, ìṣẹ́jú 15. Ní 1885, ọkùnrin kan ní Jámánì tó ń jẹ́ Hermann Ebbinghaus tẹ ìwé kan jáde lórí bí èèyàn ṣe ń rántí nǹkan. Ara rẹ̀ ló fi dán an wò. Ó ń há àwọn sílébù tí kò nítumọ̀ sórí, ó ń fi wọ́n sílẹ̀ fún ìgbà díẹ̀ tàbí fún ọjọ́ mélòó kan, lẹ́yìn náà ló ń wo iye tó kù. Ohun tó rí ni pé kíá ni ọ̀pọ̀ nínú rẹ̀ máa ń sá lọ láàárín ọjọ́ kìíní, ìyókù á wá máa yọ́ lọ díẹ̀díẹ̀. Ó tún rí i pé ohun tí èèyàn pín sórí ọjọ́ bíi mélòó kan máa ń dúró ju èyí tó kó jọ lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo lọ. Àwọn baba wa ò ka Ebbinghaus kí wọ́n tó sọ pé díẹ̀díẹ̀ nimú ẹlẹ́dẹ̀ ń wọgbà.

Ẹ tún wo ìṣirò yìí. Foreign Service Institute, ibi tí ìjọba Amẹ́ríkà ti ń kọ́ àwọn aṣojú rẹ̀ lédè, ka Faransé mọ́ àwọn èdè tó rọrùn jù fún ẹni tó gbọ́ Gẹ̀ẹ́sì. Síbẹ̀, nǹkan bíi wákàtí 600 sí 750 nínú kíláàsì ni wọ́n ní ó máa ń gbà kí èèyàn tó lè fi í ṣiṣẹ́. Tiwa ńkọ́? Wákàtí 3 lọ́sẹ̀, fún ọ̀sẹ̀ 13. Wákàtí 39 nìyẹn, bí ìyanṣẹ́lódì ò bá sí, bí ẹnikẹ́ni ò bá pa kíláàsì jẹ. 39, nínú 600! Ta ló wá parọ́ fún wa pé kíláàsì nìkan tó? Ṣùgbọ́n bí èèyàn bá ń fi ìṣẹ́jú 20 kún un lójoojúmọ́, láìyọ ọjọ́ Àìkú sílẹ̀, wákàtí 30 ó lé díẹ̀ ló máa rí kún 39 yẹn kí sáà tó parí. Kò sí ẹni tó ń gba owó ẹ̀ lọ́wọ́ wa. Ìṣẹ́jú 20 tí à ń lò lórí ìlà omi. Tẹ́ẹ̀sì ọ̀sọ̀ọ̀sẹ̀ ni pàṣán tó ń lé wa débẹ̀. Tí wọ́n bá sọ ọ́ di ẹyọ kan láàárín sáà, gbogbo wa la mọ ohun tá a máa ṣe. A máa sùn títí di alẹ́ ọjọ́ tó ṣáájú ẹ̀, a ó wá ra àbẹ́là.

Ẹ̀bẹ̀ kejì ni ti handout àti AOC. Ní ọdún àkọ́kọ́, gbólóhùn àhásórí lè gbé èèyàn gúnlẹ̀: Bonjour, je m'appelle, j'habite. A ti kúrò níbẹ̀ o. Ìpele àárín la wà báyìí. Ohun tí wọ́n ń retí ni pé ká lè ròyìn ohun tó ṣẹlẹ̀, ká sọ ohun tá a fẹ́ àti ohun tá à ń bẹ̀rù, ká bá èèyàn jiyàn. Gbólóhùn tí ẹnì kankan ò tíì sọ rí ni èèyàn máa dá sọ níbẹ̀. Ta ló lè fún wa ní AOC ìyẹn? Bó o bá dé Àjàṣẹ́ tàbí Kútọnu, tí ọlọ́pàá dá ọ dúró, ṣé wàá ní kó kọ́kọ́ sọ AOC?

Fóònù tá a gbójú lé náà ò ràn wá lọ́wọ́. À ń kọ iṣẹ́ àṣetiléwá lédè Gẹ̀ẹ́sì, Google Translate ń sọ ọ́ di Faransé, a ń dà á kọ sórí bébà. Bí Màdámù bá wá ní ká ka ohun tá a kọ ká sì sọ ìtumọ̀ ẹ̀, a ó máa wo ara wa lójú. Ta ló ṣe iṣẹ́ náà? Ta ló wá yẹ kó gba máàkì?

Ibi tí ọ̀rọ̀ yìí ti kan akẹ́kọ̀ọ́ Yorùbá rèé. Handout tó dáa jù lọ ti wà lẹ́nu wa látìgbà tá a ti jáwọ́ ọmú. Ilé la ti ń kó ẹ̀ṣọ́ ròde. Ohun tó ń pa wá lára ni pé inú Gẹ̀ẹ́sì la máa ń gbà lọ sínú Faransé, bí ẹni tó fẹ́ lọ sílé kejì tó kọ́kọ́ wọ ọkọ̀ lọ sí Èkó. Ẹ jẹ́ kí n fi mélòó kan hàn yín, kẹ́ ẹ tó ní akéwì ń fẹnu lásán kọ́lé.

Tu àti vous. Gẹ̀ẹ́sì ò ní ju you lọ fún ọmọdé àti àgbà. Ìdí ẹ̀ nìyẹn tá a fi ń kí olùkọ́ wa pé "Comment vas-tu, Madame ?" Ṣé ẹ mọ ohun tá a sọ? "Báwo lo ṣe wà, Màdámù?" là ń sọ o! Ọmọ tí wọ́n kọ́ nílé ò ní sọ bẹ́ẹ̀ fún ìyá ọ̀rẹ́ ẹ̀ láéláé. Yorùbá ní "o", ó ní "ẹ". "Ẹ" yẹn náà la fi ń bá àgbà kan ṣoṣo sọ̀rọ̀, òun la fi ń bá èèyàn púpọ̀ sọ̀rọ̀. Bí vous ṣe rí gẹ́lẹ́ nìyẹn. Kò sí ohun tí à ń há sórí níbẹ̀.

Passé composé àti imparfait, tó ń pa ìdajì kíláàsì wa. Ẹ gbé Gẹ̀ẹ́sì sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan ná. "Mo lọ sọ́jà lánàá", ó ṣẹlẹ̀, ó tán: je suis allé. "Nígbà tí mo wà ní kékeré, mo máa ń lọ sọ́jà", ìṣe tó ń wáyé léraléra nígbà yẹn: j'allais. "Mo ń jẹun nígbà tó wọlé", ọ̀kan ń lọ lọ́wọ́, èkejì já lù ú: je mangeais quand il est entré. Bó o bá ń sọ̀rọ̀ nípa àná, tó o sì gbọ́ "ń" tàbí "máa ń" nínú ti Yorùbá, imparfait ló sábà máa ń jẹ́. Bí ọ̀rọ̀-ìṣe náà bá dá dúró lórí ìṣe kan tó ti parí, passé composé ni. Ó láwọn ibi tó ti yẹ̀, pàápàá fún ọ̀rọ̀ bíi fẹ́, mọ̀ àti ní, tó ń sọ bí nǹkan ṣe wà. Ṣùgbọ́n ó mú mi láti 4 dé 13.

Subjonctif náà ńkọ́, tá a sọ di egúngún tó ń lé ọmọdé? "Mo mọ̀ pé ó ń bọ̀": je sais qu'il vient. "Mo fẹ́ kí ó wá": je veux qu'il vienne. Ẹ wo "pé", ẹ wo "kí". Ó yẹ kí o lọ: il faut que tu partes. Kí ó tó lọ: avant qu'il parte. Kí ó lè wá: pour qu'il vienne. Gbogbo ibi tí "kí" yọjú sí yẹn, subjonctif ló wà níbẹ̀. Kì í ṣe gbogbo ìgbà ló máa ń bára mu. Bien que, tí í ṣe "bó tilẹ̀ jẹ́ pé", "pé" ló wà nínú tiwa, subjonctif ló sì ń gbà. Ṣùgbọ́n ó sàn kéèyàn mọ ìlànà kan kó wá mọ ibi tó ti yẹ̀, ju kó máa há ọ̀rọ̀ 40 sórí láìmọ ohun tó so wọ́n pọ̀.

Etí wa náà ti múra sílẹ̀. E àti ẹ tá a yà sọ́tọ̀, o àti ọ tá a yà sọ́tọ̀, àwọn Faransé náà ya irú wọn sọ́tọ̀: é ti été dà bí e wa, è ti mère dà bí ẹ wa. Fáwẹ̀lì àránmúpè tó ń fún ọmọ Gẹ̀ẹ́sì ní wàhálà, à ń fi í kí ara wa láàárọ̀. Ibi tí Yorùbá ò ti lè ràn wá lọ́wọ́ náà wà, mi ò ní purọ́. U ti tu ò sí lẹ́nu wa, àfi kéèyàn ká ètè bí ẹni fẹ́ sọ u kó wá sọ i. Yorùbá ò sì ya tábìlì sí abo kó ya ìwé sí akọ. Ìyẹn la gbọ́dọ̀ kọ́ lójoojúmọ́, la table pọ̀, le livre pọ̀, bí orúkọ àti orúkọ bàbá. Èwo nínú èyí ló wà nínú handout?

Ẹ̀bẹ̀ kẹta ló dùn mí jù. Kí wọ́n yọ máàkì sísọ. Ìdánwò DELF B1 tí ilẹ̀ Faransé gbé kalẹ̀ fún ẹni tó dé ìpele àárín, apá mẹ́rin ló ní: gbígbọ́, kíkà, kíkọ àti sísọ. Máàkì 25 ni ọ̀kọ̀ọ̀kan. 50 nínú 100 ni wọ́n fi ń yege, ṣùgbọ́n kò gbọdọ̀ sí apá tí èèyàn ti gbà tó kéré sí 5. Ìyẹn ni pé bó o bá gba 75 nínú mẹ́ta yòókù, tó o wá gba 4 nínú sísọ, o ti fìdí rẹmi. Kò sí ẹni tó máa gbé ìwé lọ sọ fún wọn pé ojú ń tì wá.

Ojú ń tì wá lóòótọ́. Ṣùgbọ́n ta ló ń dójú tì wá? Ṣé Màdámù ló ń rẹ́rìn-ín ni? Ní ọ̀sẹ̀ kẹta, ọmọbìnrin kan tó máa ń jókòó lẹ́yìn dìde, ó ní "Je suis faim." Gẹ̀ẹ́sì ló tàn án. Ó rò pé bí wọ́n ṣe ń sọ I am ni wọ́n ṣe ń sọ ọ́ níbí, nígbà tó jẹ́ pé j'ai faim ni wọ́n ń sọ. Ohun tó sọ nìyẹn o, "Èmi ni ebi." A rẹ́rìn-ín títí kíláàsì fi tú. Láti ìgbà náà la ti ń pè é ní Ebi, nínú kíláàsì, ní káfé, lójú títì. Mi ò tíì gbọ́ ohùn ẹ̀ ní kíláàsì mọ́. Nígbà tí mo wo lẹ́tà yẹn, orúkọ ẹ̀ ni ìkejìlá.

Èmi náà wà lára àwọn tó rẹ́rìn-ín. Èmi tí mo sọ "je, je, je", mo rẹ́rìn-ín ẹlòmíì. Mo bẹ̀bẹ̀ níbí, lójú gbogbo yín. Lẹ́tà náà ò sọ ohunkóhun nípa ẹ̀rín wa. Ó di ẹ̀bi lé olùkọ́ lórí, ó ní kí wọ́n gba ẹnu lọ́wọ́ wa kí ojú má bàa tì wá. Ọmọ tó ń kọ́ ìrìn kì í ṣàìṣubú, àbí ká so ẹsẹ̀ ẹ̀ mọ́lẹ̀ kó má bàa ṣubú?

Àwọn kan á ní, "Akéwì, gbogbo wàhálà yìí, kí la fẹ́ fi Faransé ṣe? Ṣebí àwọn tó ń sọ ọ́ gan-an ti ń jù ú nù." Òótọ́ ni pé Mali yọ ọ́ ní ipò èdè ìjọba ní 2023, Niger sì ṣe bẹ́ẹ̀ ní 2025. Ṣùgbọ́n àwọn méjèèjì ṣì fi í sílẹ̀ gẹ́gẹ́ bí èdè iṣẹ́. Ní Benin tó wà lẹ́yìn ọgbà wa, Faransé ṣì ni èdè ìjọba. Ta ló ń gbé Benin? Ní 10 August 1889, Faransé àti Gẹ̀ẹ́sì fọwọ́ sí ìwé àdéhùn kan tó bẹ̀rẹ̀ ààlà tó gba àárín wa kọjá. Kétu bọ́ sọ́wọ́ Faransé, Ìmẹ̀kọ, tó jẹ́ ìlú Kétu, bọ́ sọ́wọ́ Gẹ̀ẹ́sì. Kétu, Sábẹ, Pọ́bẹ̀, Ṣakété, ọmọ Yorùbá bíi tiwa ni wọ́n, Faransé ni wọ́n fi kàwé.

Ẹni tó ń ka Yorùbá ló yẹ kí èyí kọ́kọ́ dùn. UNESCO kéde Gẹ̀lẹ̀dẹ́ ní 2001, wọ́n sì kọ ọ́ sínú ìwé wọn ní 2008, lórúkọ Benin, Nàìjíríà àti Tógò pa pọ̀. Pierre Verger, ọmọ Paris tí wọ́n bí ní 1902, Kétu ló ti di babaláwo ní 1953 tí wọ́n fi ń pè é ní Fátúmbí. Ìwé ńlá tó kọ lórí òrìṣà àti vodun, tó jáde ní Dakar ní 1957, Faransé ló fi kọ ọ́. Ọ̀rọ̀ wa ló wà níbẹ̀, a ò lè kà á! Ẹni tó bá fẹ́ kọ iṣẹ́ ìwádìí lórí Gẹ̀lẹ̀dẹ́ tó wá dúró sí Ìmẹ̀kọ torí pé kò gbọ́ Faransé, ìdajì nǹkan ló máa mú wálé.

Ìjọba wa náà fẹ́ràn la cram. Ní December 1996, Abacha kéde pé Faransé máa di èdè ìjọba kejì ní Nàìjíríà. Ìkéde tán, ọ̀rọ̀ bùṣe. Ìkéde ò lè sọ èdè fún èèyàn, lẹ́tà náà ò sì lè sọ ọ́. Nígbà tí wọ́n dá abúlé èdè Faransé sílẹ̀ lágbègbè Àgbádárìgì ní 1991, ohun tí wọ́n rò ni pé kí akẹ́kọ̀ọ́ Faransé lè gbé inú èdè náà, kó fi jẹun, kó fi bínú, kó fi tọrọ iyọ̀. Àwa tá a mú un kún Yorùbá ò ní débẹ̀. Ohun tá a ní ni Màdámù kan tó kọ̀ láti sọ Gẹ̀ẹ́sì nínú kíláàsì. Òun la wá fẹ́ fẹjọ́ ẹ̀ sùn.

Mi ò sọ pé gbogbo nǹkan dáa o. Gómìnà, mo mọ̀ pé wàhálà wà. Èèyàn 84 nínú kíláàsì kan ti pọ̀jù fún ọ̀rọ̀ sísọ. Yàrá tí wọ́n kó ẹ̀rọ ìgbọ́hùn sí, láti ìgbà tá a ti wọlé ni kọ́kọ́rọ́ ti wà lẹ́nu ẹ̀. Tẹ́ẹ̀sì tá a ṣe ní ọ̀sẹ̀ kejì, ọ̀sẹ̀ keje la tó rí i gbà padà, nígbà tí àṣìṣe ti bá wa lálejò títí ó ti di ọmọ ilé. Ẹ̀tọ́ wa ni ká sọ ìwọ̀nyí. Ẹ jẹ́ ká kọ lẹ́tà míì. Kí HOD pín wa sí ọ̀nà mẹ́rin fún ọ̀rọ̀ sísọ. Kí wọ́n ṣí yàrá yẹn lẹ́ẹ̀mejì lọ́sẹ̀. Kí wọ́n wá ẹni tó máa bá Màdámù máàkì, kí tẹ́ẹ̀sì wa máa padà láàárín ọ̀sẹ̀ kan. Ẹ kọ ìyẹn wá, èmi ni màá kọ́kọ́ fọwọ́ sí i, màá sì bá yín gbé e lọ sí ọ́fíìsì.

Kó tó dìgbà náà, mo ti rí ẹni méjì. Aago 6 àárọ̀ la máa ń pàdé níwájú họ́sítẹ́ẹ̀lì, ìṣẹ́jú 20. Ẹnì kan á sọ ohun tó ṣe lánàá, ẹnì kejì á bi í ní ìbéèrè, ẹnì kẹta á máa wo ìwé. Gẹ̀ẹ́sì ò sí níbẹ̀. Bí ọ̀rọ̀ bá wọ́n, Yorùbá la fi ń wá a. Ẹni tó bá rẹ́rìn-ín ẹnì kejì ló máa ra àkàrà fún gbogbo wa.

Àyè ṣì wà. Ìwọ tó ò ń jókòó lẹ́yìn, tá a sọ orúkọ ẹ di Ebi, ìwọ ni mò ń pè jù. Jọ̀ọ́, máa bọ̀ lọ́la. Àkàrà ọ̀sẹ̀ yìí, èmi ni mo jẹ gbèsè ẹ̀.